Kéwú Lára Ògiri, Kéwú Nínú Àwòrán: Kí Ló Wà Níbẹ̀ Gan-an?

Ilé kan wà ní Dùbáì tí wọ́n ṣí ní oṣù kejì ọdún 2022, Museum of the Future ni orúkọ rẹ̀. Ó ga tó mítà 77, ó rí bí òrùka ńlá tí wọ́n gbé nàró, kéwú sì bò ó láti òkè délẹ̀. Kéwú yẹn náà ni fèrèsé ilé ọ̀hún: ibi tí lẹ́tà bá wà ni ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé lọ́sàn-án, ibẹ̀ náà ni iná ń gbà tàn síta lálẹ́. Tí fọ́tò rẹ̀ bá ti dé orí WhatsApp, ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń sọ ni pé, "Súbùhánà-Lọ́ọ̀hì, ẹ wo bí wọ́n ṣe fi Àlùkùránì kọ́lé!" Kò sí áyà Àlùkùránì kankan níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí Sheikh Mohammed bin Rashid, olórí Dùbáì, sọ nípa ọjọ́ iwájú ni. Matar bin Lahej, oníṣẹ́ ọnà ọmọ ilẹ̀ náà, ló ya kéwú ọ̀hún.

Àṣìṣe yẹn kò yani lẹ́nu. Níbi tí púpọ̀ wa dàgbà sí, ara wàláà, inú Àlùkùránì, inú tírà, ara ògiri mọ́ṣáláṣí àti ẹ̀yìn ọkọ̀ ni a ti ń rí kéwú. Ojú wa ti mọ́ ọn bí ohun ìjọsìn. Ṣùgbọ́n ó ti tó nǹkan bí ọgọ́rin ọdún báyìí tí àwọn ayàwòrán láti Bàgídáàdì dé Khartoum, láti Tehran dé Tunis, ti ń mú lẹ́tà wọ̀nyí ṣe iṣẹ́ tó yàtọ̀ síra pátápátá. Ẹni tí kò bá mọ ìyàtọ̀ wọn lè bínú sí èyí tí kò ní ẹ̀ṣẹ̀ kankan lọ́rùn, kí ó sì máa fi ẹnu ko èyí tí kò ní ìtumọ̀ rárá.

Lẹ́tà yàtọ̀ sí èdè, èdè yàtọ̀ sí ẹ̀sìn

Àwọn àgbà àfáà ilẹ̀ wa ti fi lẹ́tà Lárúbáwá kọ èdè Yorùbá látijọ́, anjẹmi ni wọ́n ń pè é. Bí a bá gbé anjẹmi fún ọmọ Íjíbítì, yóò kà á jáde lẹ́nu, kò sì ní mọ ohun tó ń kà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ rí ní Ìráànì, níbi tí wọ́n ti ń fi lẹ́tà yìí kọ èdè Páṣíà, àti ní Pakísítáànì tí wọ́n ti ń fi kọ Urdu. Lẹ́tà kan náà ni, èdè ọ̀tọ̀ ni, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sì lè jẹ́ àdúrà, ewì ìfẹ́, tàbí orúkọ ilé ìtajà.

Ibi tí èyí ti rú àwọn ènìyàn lójú jù ni àwọn fọ́tò tí Shirin Neshat, ọmọ Ìráànì tó ń gbé ní Amẹ́ríkà, ṣe láàárín 1993 sí 1997, tí ó pè ní Women of Allah. Obìnrin tó wọ híjáàbù ló wà nínú wọn. Nígbà míì ìbọn wà lọ́wọ́ rẹ̀, kéwú wẹ́wẹ́ sì kún ojú, àtẹ́lẹwọ́ tàbí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló wò ó tí wọ́n ní Àlùkùránì ni wọ́n kọ sí obìnrin lára. Lákọ̀ọ́kọ́, kò sẹ́ni tó kọ nǹkan sí ẹnikẹ́ni lára: orí bébà fọ́tò ni tàdáwà wà, lẹ́yìn tí wọ́n ti tẹ fọ́tò náà jáde. Lẹ́ẹ̀kejì, ewì Páṣíà ni. Àwọn obìnrin akéwì méjì ló ni púpọ̀ nínú rẹ̀: Forough Farrokhzad, ẹni tí ewì rẹ̀ nípa ìfẹ́ àti ara obìnrin dá awuyewuye sílẹ̀ ní Ìráànì, àti Tahereh Saffarzadeh, tí ìgbàgbọ́ ẹ̀sìn hàn gbangba nínú tirẹ̀. Ẹni tí kò gbọ́ Páṣíà kò ní mọ̀ pé àwọn méjèèjì kò sọ ohun kan náà.

Ọ̀nà kan wà tí ẹni tó lọ ilé kéwú díẹ̀ lè fi mọ Páṣíà yàtọ̀. Èdè Lárúbáwá kò ní lẹ́tà fún ìró p, ch, zh àti g, nítorí náà àwọn ará Páṣíà fi dọ́ọ̀tì àti ìlà kún èyí tó wà nílẹ̀. Bá tó ní dọ́ọ̀tì mẹ́ta nísàlẹ̀, jím tó ní mẹ́ta nínú ikùn, rá tó ní mẹ́ta lórí, àti káfù tí wọ́n fa ìlà kejì sí lókè: ibi tí ẹ bá ti rí ọ̀kan nínú wọn, Àlùkùránì kọ́ ló wà níbẹ̀. Ẹ má kàn jẹ́ kí dọ́ọ̀tì mẹ́ta abẹ́ sín tàn yín. Àmì àtijọ́ ni yẹn, tí àwọn akọ̀wé ń fi sọ pé sín ni, kì í ṣe ṣín, ó sì máa ń wà nínú iṣẹ́ tó jẹ́ áyà gan-an. Ìdíwọ́ míì tún wà fún àwọn tó jẹ́ pé Àlùkùránì tí wọ́n tẹ̀ lóde òní nìkan ni wọ́n mọ̀: nínú ìkọ̀wé Maghrib, ti Àríwá Áfíríkà, tó gba aṣálẹ̀ kọjá dé Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, abẹ́ ni dọ́ọ̀tì fá wà, káfù tó ń dún láti ọ̀nà ọ̀fun sì ní ẹyọ kan péré lórí. Ẹni tí kò mọ èyí yóò ka káfù sí fá láti òkè délẹ̀.

Kéwú náà kò sì dúró fún Mùsùlùmí nìkan. eL Seed, ọmọ Tùnísíà tí wọ́n bí ní Faransé, ya ara ilé ìpèrun mọ́ṣáláṣí Jara ní ìlú Gabès ní 2012. Ohun tó kọ síbẹ̀ ni áyà 13 nínú Súrà Hujurat, tó sọ pé Ọlọ́run dá wa ní ọkùnrin àti obìnrin, ó sì ṣe wá ní orílẹ̀-èdè àti ẹ̀yà kí á lè mọ ara wa. Ní 2016, ó lọ sí Manshiyat Naser ní Káírò, àdúgbò àwọn tó ń kó ìdọ̀tí ìlú, tí púpọ̀ wọn jẹ́ Kìrìsìtẹ́nì ìjọ Coptic. Ó ya kéwú aláwọ̀ sára nǹkan bí àádọ́ta ilé. Bí ẹ bá dúró lójú títì àdúgbò náà, àbùlẹ̀ ọ̀dà àti ìlà tó tẹ̀ ni ẹ ó rí, kò ní jọ nǹkan kan. Àfi kí ẹ gun òkè Muqattam kí gbogbo rẹ̀ tó so pọ̀ di róbótó kan ṣoṣo. Ọ̀rọ̀ Athanasius, bíṣọ́ọ̀bù Alexandria ayé àtijọ́, ló wà níbẹ̀: ẹni tó bá fẹ́ rí ìmọ́lẹ̀ oòrùn kedere, kí ó kọ́kọ́ nu ojú rẹ̀. Ọwọ́ kan náà ló kọ ti Gabès àti ti Káírò. Ọ̀kan jẹ́ áyà, èkejì jẹ́ ọ̀rọ̀ bíṣọ́ọ̀bù.

Ohun tí khatt jẹ́, àti ohun tí kì í ṣe

Kì í ṣe gbogbo kéwú tó bá ti lọ́ pọ̀ tó sì lẹ́wà ni khatt. Khatt, ìyẹn iṣẹ́ ọnà ìkọ̀wé kéwú, ní ìwọ̀n. Ibn Muqla, mínísítà ní Bàgídáàdì tó kú ní ọdún 940, ni wọ́n máa ń dárúkọ fún ìwọ̀n náà (ìjà òṣèlú ló jẹ́ kí wọ́n gé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, inú ẹ̀wọ̀n ló sì kú sí). Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí: tí ẹ bá tẹ ẹnu kálámù mọ́ bébà lẹ́ẹ̀kan, dọ́ọ̀tì onígun mẹ́rin kan á jáde. Dọ́ọ̀tì yẹn ni ọ̀pá ìwọ̀n. Nínú ọ̀nà ìkọ̀wé tí wọ́n ń pè ní thuluth, álífù ga tó dọ́ọ̀tì méje. Nínú naskh, tí wọ́n fi ń kọ Àlùkùránì púpọ̀ lónìí, ó tó márùn-ún. Tí ẹ bá fi gíga álífù ya òbìrí, inú òbìrí yẹn ni ìtẹ̀sí àwọn lẹ́tà yòókù ti ń wá. Nítorí náà, olùkọ́ kì í sọ fún ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ pé "nún rẹ kò dára." Yóò to dọ́ọ̀tì pupa sínú rẹ̀, ọmọ náà yóò sì rí i fúnra rẹ̀ pé ikùn nún fi ìdajì dọ́ọ̀tì jìn jù.

Kálámù náà kì í ṣe ohun tí wọ́n kàn gé. Esùsú ni wọ́n ń lò, wọ́n á gé ẹnu rẹ̀ ní ìdagun, wọ́n á sì là á láàárín kí tàdáwà lè máa sọ̀ kalẹ̀. Ìdagun yẹn ló ń mú kí ìlà kan nípọn kí òmíràn sì tín-ín-rín. Ẹni tó bá ń yí kálámù padà lọ́wọ́ láìmọ̀ yóò rí i pé ibi tó yẹ kó tín-ín-rín ló nípọn, ojú ẹni tó mọ iṣẹ́ á sì gbé e láti ìta. Dúdú èéfín fìtílà àti oje igi akéṣíà ni tàdáwà. Tí oje bá pọ̀ jù, á máa dán, á sì sán tó bá gbẹ. Tí ó bá kéré jù, á máa para mọ́ni lọ́wọ́. Wọ́n máa ń fi òwú sẹ́dà sínú ìkòkò tàdáwà kí ẹnu kálámù má baà gbé jù ú lọ.

Bébà ni àwọn tó ń kọ́ ọ fúnra wọn kì í náání. Bébà lásán máa ń fa tàdáwà mu, etí lẹ́tà á sì máa hu irun. Èyí tí àwọn ọ̀gá ń lò, wọ́n ti fi sítáàṣì kùn ún, wọ́n tún fi funfun ẹyin tí wọ́n pò mọ́ álọ́ọ̀mù kùn ún lé e, lẹ́yìn náà wọ́n fi òkúta dídán ha á títí tó fi ń kọ mọ̀nà, wọ́n á wá fi pamọ́ fún oṣù púpọ̀, tàbí ọdún kan àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Orí ìkùn yẹn ni tàdáwà máa ń jókòó sí, kì í wọ inú. Tí ọwọ́ bá ṣì, wọ́n lè fi nǹkan tútù nu àṣìṣe náà kúrò, kò sẹ́ni tó máa mọ̀.

Fún iṣẹ́ ńlá tí wọ́n máa gbé sára ògiri tàbí òkúta, àwọn ọ̀gá ilẹ̀ Tọ́kì ní ọgbọ́n kan tó ṣì wà títí di òní. Wọ́n á fi tàdáwà yẹ́lò kọ ọ́ sórí bébà dúdú, nítorí ó rọrùn láti fi dúdú pa yẹ́lò rẹ́ kí wọ́n tún un ṣe. Nígbà tó bá ti pé, wọ́n á fi abẹ́rẹ́ lu etí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan wẹ́wẹ́, wọ́n á tẹ́ bébà náà síbi iṣẹ́, wọ́n á sì fi lẹ́búlẹ́bú èédú lù ú kí ó gba ihò yẹn kọjá. Ohun tó kù ni kí wọ́n kun àárín. Ẹni tó bá kẹ́kọ̀ọ́ yìí dópin, ọ̀gá rẹ̀ á fún un ní ìjáásà, ìwé ẹ̀rí tó fún un láyè láti máa fi orúkọ ara rẹ̀ sábẹ́ iṣẹ́.

Púpọ̀ nínú àwọn oníṣẹ́ ọnà òde òní tí a ń sọ kò ní ìjáásà, àwọn míì kò sì wá a. Ọ̀wọ́ kìíní nínú wọn mọ iṣẹ́ àtijọ́ dáadáa kí wọ́n tó kúrò nínú rẹ̀. Hassan Massoudy, tí wọ́n bí ní Najaf ní Ìráákì ní 1944, kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn akọ̀wé ní Bàgídáàdì kó tó lọ sí Párìsì ní 1969. Ó fi páálí àti búrọ́ọ̀ṣì fẹ̀ǹfẹ̀ rọ́pò kálámù, ó fi àwọ̀ rọ́pò dúdú, ọ̀rọ̀ àwọn akéwì oríṣiríṣi ilẹ̀ ló sì ń kọ. Ìlànà ọwọ́ ṣì wà nínú rẹ̀, ojú lásán rí i.

Àwọn tó fọ́ lẹ́tà wẹ́wẹ́

Ọ̀wọ́ kejì kò fẹ́ kọ ọ̀rọ̀ dáadáa rárá. Lẹ́tà ni wọ́n ń wò, wọ́n ń wo ara rẹ̀, bó ṣe tẹ̀ àti bó ṣe dúró. Hurufiyya ni wọ́n ń pe ìgbésẹ̀ wọn. Madiha Omar, obìnrin ọmọ Ìráákì, ti pàtẹ irú àwòrán bẹ́ẹ̀ ní Washington ní 1949. Ní Bàgídáàdì, Shakir Hassan Al Said kó àwọn ayàwòrán jọ sí ẹgbẹ́ kan lórí ọ̀rọ̀ yìí ní 1971.

Ẹni tó yẹ kí àwa sún mọ́ jù nínú wọn ni Ibrahim El-Salahi ará Súdàànì. Wọ́n bí i ní Omdurman ní 1930, bàbá rẹ̀ ń kọ́ àwọn ọmọdé ní Àlùkùránì nínú ilé wọn. Ó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà Slade ní Lọ́ńdọ̀nù láti 1954 sí 1957. Nígbà tó padà sílé tó sì pàtẹ iṣẹ́ rẹ̀ ní Khartoum, àwọn ènìyàn wá síbi ìṣíde, wọn kò sì padà wá mọ́. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún. Ó pa búrọ́ọ̀ṣì tì, ó ń káàkiri ìlú láti wo ohun tí àwọn ará ilé rẹ̀ fi ń ṣe ara ilé wọn lọ́ṣọ̀ọ́. Kéwú àti ọnà ló rí lára nǹkan gbogbo. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ kéwú kékeré sí igun àwòrán rẹ̀. Kéwú náà ń tàn kálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi gba gbogbo àwòrán. Lẹ́yìn náà ló wá la lẹ́tà wọ̀nyí sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ó sì rí i pé bí òun ṣe ń fọ́ wọn ni ẹranko, ewéko àti ojú tó gùn bí ojú ère ń jáde láti inú wọn. Ẹ lè rí àbájáde rẹ̀ nínú Reborn Sounds of Childhood Dreams I, tó ṣe láàárín 1961 sí 1965, tó wà lọ́wọ́ Tate, ilé tí wọ́n ń kó iṣẹ́ ọnà sí ní Lọ́ńdọ̀nù, báyìí. Ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan rẹ̀ lé ní mítà méjì àbọ̀. Ẹ má wá ọ̀rọ̀ nínú rẹ̀. Ìrísí lẹ́tà ti di ìrísí ènìyàn.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960 yẹn náà ni iṣẹ́ rẹ̀ dé Ìbàdàn, ní ẹgbẹ́ Mbari tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1961, níbi tí Ulli Beier àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń pàtẹ iṣẹ́ àwọn ayàwòrán Áfíríkà. Ní 1975, ìjọba Súdàànì tì í mọ́lé fún oṣù mẹ́fà láìgbẹ́jọ́. Wọn kò gba bébà láyè níbẹ̀, ni ó bá ń ya àwòrán sórí àjákù bébà, ó sì ń bò wọ́n mọ́lẹ̀ nínú iyẹ̀pẹ̀. Láti ibẹ̀ ló ti mú àṣà kí ó máa ya awẹ́ kékeré kan kí ó tó so òmíràn mọ́ ọn. The Inevitable, tó ṣe ní 1984 sí 1985, jẹ́ bébà mẹ́sàn-án tí wọ́n tò pọ̀.

El-Salahi náà ni ìdáhùn fún àwọn tó ń sọ pé Mùsùlùmí gba kéwú mú nítorí pé ẹ̀sìn kò gba àwòrán. Òótọ́ ni pé ẹ kò ní rí àwòrán ènìyàn nínú Àlùkùránì tàbí ní ògiri mọ́ṣáláṣí. Ṣùgbọ́n ní ààfin àwọn ọba Páṣíà, Tọ́kì àti Íńdíà, àwọn ìwé tó kún fún àwòrán ènìyàn pọ̀ lọ jàra, àwọn Mùsùlùmí ló sì yà wọ́n.

Ọ̀wọ́ kẹta ló máa ń mú àwọn tó kàwé bínú. Nja Mahdaoui ọmọ Tùnísíà ń ya ohun tó jọ lẹ́tà Lárúbáwá ní gbogbo ọ̀nà, ṣùgbọ́n tí kò ṣeé kà. Ẹ ó rí àfáà tó dúró níwájú rẹ̀, tó ń gbọ́rí sọ́tùn-ún sósì, tó ń wá ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀. Kò sí ìbẹ̀rẹ̀. Ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀, kí ojú lè dúró lórí ìlà kí ó má sá lọ bá ìtumọ̀. Parviz Tanavoli ní Ìráànì gba ọ̀nà òdìkejì: láti 1965 ló ti ń fi ọ̀rọ̀ Páṣíà kan ṣoṣo, heech, tó túmọ̀ sí "kò sí nǹkan kan," ṣe ère. Ọ̀rọ̀ náà ní orí àti ìrù, ó sì ń fara ti àga tàbí kí ó jókòó.

Ogún Ìsìláàmù kò sì parí sí lẹ́tà. Monir Farmanfarmaian ará Ìráànì mú iṣẹ́ dígí wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ògiri ibojì àwọn ẹni mímọ́ wá sínú iṣẹ́ tirẹ̀. Ní 2017, Dana Awartani fi yanrìn aláwọ̀ to ọnà táìlì sílẹ̀ ilé kan tí wọ́n ti pa tì ní Jeddah, ó sì gbá a dànù níwájú kámẹ́rà.

Ibi tó ti máa ń bàjẹ́

Ní oṣù kìíní ọdún 1994, ilé aṣọ Chanel fi aṣọ kan hàn ní Párìsì tí wọ́n kọ kéwú sí àyà rẹ̀. Karl Lagerfeld tó rán an rò pé ewì ìfẹ́ ni. Áyà Àlùkùránì ni, lára aṣọ tó ṣí àyà sílẹ̀. Ilé-iṣẹ́ náà tọrọ àforíjì, wọ́n sì ba àwọn aṣọ náà jẹ́. Wọn kò béèrè lọ́wọ́ ẹni tó lè kà á kí wọ́n tó rán an, ìyẹn ni gbogbo ẹjọ́ náà.

Ti Toulouse ní Faransé ní 2012 yàtọ̀, nítorí Mounir Fatmi, ọmọ Mòrókò, mọ ohun tó kọ. Fídíò rẹ̀, Technologia, ní áyà Àlùkùránì nínú. Wọ́n fi iná tàn án sórí ilẹ̀ lẹ́bàá afárá, àwọn tó ń kọjá sì ń fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Ìjà bẹ́ sílẹ̀, ó sì ní kí wọ́n yọ iṣẹ́ òun kúrò. Ẹni tó ti rí bí wọ́n ṣe ń fọ wàláà, tí wọn kì í da omi rẹ̀ síbi tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀, kò nílò kí a ṣàlàyé jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Èyí tó pani lẹ́rìn-ín ni ti eré tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà, Homeland, ní 2015. Wọ́n gba àwọn oníṣẹ́ ọnà pé kí wọ́n kọ kéwú sára ògiri kí ibẹ̀ lè jọ àgọ́ àwọn tó sá kúrò ní Síríà. Àwọn yẹn kọ ọ́ gbàgàdà pé eré náà kórìíra ẹ̀yà ẹlòmíràn. Kò sẹ́ni tó kà á títí ó fi jáde lórí afẹ́fẹ́.

Lọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣe síńbọ́ọ̀dù àti ère irin, àṣìṣe mẹ́ta ló wọ́pọ̀. Àkọ́kọ́ wá láti inú kọ̀ǹpútà: àwọn ètò kan kò mọ lẹ́tà Lárúbáwá, wọ́n á já wọn kúrò lára ara wọn, wọ́n á sì tò wọ́n láti òsì sí ọ̀tún. Sàláámù tó yẹ kó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú sín lápá ọ̀tún á di lẹ́tà mẹ́rin tó dá dúró, tí mím ṣáájú. Lẹ́tà mẹ́fà péré ni kì í so mọ́ èyí tó tẹ̀lé e: álífù, dál, zál, rá, záy àti wáwù. Tí ẹ bá rí òmíràn tó dá dúró láàárín ọ̀rọ̀, kọ̀ǹpútà ló bà á jẹ́. Èkejì ni dọ́ọ̀tì. Dọ́ọ̀tì kò so mọ́ ara lẹ́tà, nítorí náà tí wọ́n bá gé irin, ó máa ń já bọ́, ẹni tó ń lẹ̀ ẹ́ padà á sì fi sí ibi tó bá wù ú. Báyìí ni bá ṣe ń di nún. Ẹ̀kẹta ni ihò inú mím, fá, wáwù àti sád: tí wọn kò bá fi irin tín-ín-rín so àárín wọn mọ́ ẹ̀gbẹ́, á ṣí kúrò pátápátá.

Tí ẹ bá fẹ́ rà á

Ẹ kọ́kọ́ béèrè ohun tí wọ́n kọ, ní kíkọ sílẹ̀, àti èdè tó jẹ́. Oníṣẹ́ ọnà tó mọṣẹ́ kì í fi ìyẹn pamọ́. Tí ó bá jẹ́ èyí tí kò ṣeé kà, á sọ bẹ́ẹ̀. Nínú khatt, ẹ wo ìsàlẹ̀ lápá òsì fún ọ̀rọ̀ náà katabahu, "ó kọ ọ́," tí orúkọ àti ọdún Híjírà máa ń tẹ̀lé. Ẹ mú gíláàsì asọǹkandińlá, kí ẹ wo etí lẹ́tà. Tí ó bá jẹ́ ẹ̀rọ ló tẹ̀ ẹ́, àwọn tóótòòtó àwọ̀ ni ẹ ó rí. Ìkọ̀wé ọwọ́ kì í rí bẹ́ẹ̀: tàdáwà á dúdú jù níbi tí kálámù ti dúró, á sì fúyẹ́ níbi tó ti sáré.

Dúdú èéfín kì í ṣá lójú oòrùn, àwọn tàdáwà aláwọ̀ ló ń ṣá. Omi ni ọ̀tá rẹ̀, nítorí oje igi ni ó dì í mú, oje yẹn sì ń yọ́ nínú omi. Ìdí náà nìyẹn tí hántú, ohun tí wọ́n fi tàdáwà kọ sára wàláà, fi ń ṣeé fọ̀ kúrò. Nínú ọ̀rinrin Èkó, funfun ẹyin àti sítáàṣì tó wà lára bébà náà tún jẹ́ oúnjẹ fún èébu. Ẹ má gbé e kọ́ sí ògiri ilé ìwẹ̀ tàbí ti ilé ìdáná, ẹ sì sọ fún ẹni tó ń ṣe férémù pé kí ó fi páálí ya bébà sọ́tọ̀ kúrò lára gíláàsì. Tí méjèèjì bá fara kan ara wọn lásìkò òjò, ìkùn ẹyin yóò lẹ̀ mọ́ gíláàsì, ọjọ́ tí ẹ bá sì fẹ́ yọ ọ́, lẹ́tà á bá a lọ.